Kọ̀ǹpútà Ògbólógbòó àti Ilẹ̀kùn Rẹ̀ Méjì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Òwe yìí ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú ilé-ẹ̀kọ́ yìí ń fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Lóòótọ́, kọ̀ǹpútà tuntun yára, ó fẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ sì ń dán. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í léèrè ohun tí àgbà kan tẹ̀ sínú ẹ̀rọ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, kò ní í rí nǹkan kan sọ. Aṣọ ni ó ní, kò ní àkísà. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè tọ́jú kọ̀ǹpútà tí ó ti gbó, tí àwọn tí ó ṣe ètò inú rẹ̀ sì ti jáwọ́ lára rẹ̀, kí ẹrù inú rẹ̀ má baà ṣòfò. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dúró lé lórí: dísìkì wo ni kọ̀ǹpútà náà fi ń jí nígbà tí a bá tan án?

Ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ kọ̀ǹpútà tí mo ń sọ. Dell Latitude E6420 ni, irú èyí tí ó jáde ní ọdún 2011. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n ni ín. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, Windows 7 sì ni ètò tí wọ́n ń lò lórí ẹ̀rọ náà láti ìgbà tí wọ́n ti rà á ní tòkunbọ̀ títí di ọjọ́ ikú wọn. Orí rẹ̀ ni wọ́n tẹ oríkì agbo ilé wa sí, láti ọ̀dọ̀ baba ńlá wa tí ó tẹ ìlú dó títí dé orí àwọn tí wọ́n wà láyé. Orí rẹ̀ kan náà ni wọ́n kó àlọ́ àpamọ̀ 214 jọ sí, pẹ̀lú orúkọ ewé àti igi tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn ọdẹ abúlé wa. Nígbà tí a sìnkú tán, ìyàwó wọn pè mí sí yàrá. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ìwọ ni ó ń kọ́ Yorùbá nínú ilé yìí. Mú un lọ. Ìdí ẹ̀rọ yìí ni bàbá rẹ máa ń jókòó sí lóru nígbà tí àwa bá ti sùn. Má ṣe jẹ́ kí ó ṣègbé.” Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbà á.

Àwa tí a ń kọ́ Yorùbá níhìn-ín, tí a jìnnà sí Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, a mọ ohun tí irú ogún bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ìwé Yorùbá kò pọ̀ lọ́jà lọ́dọ̀ wa. Àwọn àgbà tí ó lè ki oríkì fún wa kò sì sí ní ìtòsí. Bí àkójọ bẹ́ẹ̀ bá parẹ́, a kò ní rí ibi tí a ó ti rà á.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ èyí lè béèrè pé, “Kí ló dé tí o kò kúkú da àwọn fáìlì náà kọ sínú fláàṣì, kí o gbé wọn lọ sórí kọ̀ǹpútà tuntun, kí ọ̀rọ̀ parí?” Ìbéèrè tí ó mọ́gbọ́n dání ni. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kejì tí ẹ̀rọ náà dé ọwọ́ mi. Àwọn fáìlì náà lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí wọn lórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ inú wọn ti di ohun tí ẹnu kò lè pè. Ibi tí ó yẹ kí a ti rí ẹ, àmì owó ilẹ̀ òkèèrè ni a rí. Ibi tí ó yẹ kí ọ wà, àmì ìbéèrè tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò ni ó jókòó síbẹ̀.

Ìdí abájọ kò ṣòro láti mọ̀. Ètò tí wọ́n fi ń fún lẹ́tà ní àyè nínú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń pè ní ASCII, tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1963, àyè 128 péré ni ó ní. Lẹ́tà èdè Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà, àmì díẹ̀ àti àwọn àṣẹ fún ẹ̀rọ ni ó gba gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé 256, lẹ́tà àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n fi kún un. Kò sí ìjókòó fún ẹ, ọ àti ṣ. Nítorí náà, àwọn tí ó fẹ́ tẹ Yorùbá dá ọgbọ́n kan. Wọ́n ṣe fọ́ǹtì nínú èyí tí ẹ jókòó sórí àga ẹlòmíràn. Bí fọ́ǹtì náà bá wà lórí ẹ̀rọ, Yorùbá ni a ó rí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹni tí ó ni àga yóò yọjú. Nígbà tí Unicode jáde ní ọdún 1991, ọ̀nà là fún gbogbo èdè. Lónìí, ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ tí ó ní àmì ohùn lórí kò ní àga kan ṣoṣo: a ní láti to lẹ́tà àti àmì ohùn pọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bàbá wa kò kúrò lórí fọ́ǹtì àtijọ́ wọn. Ètò ìtẹ̀wé tí wọ́n ń lò pẹ̀lú rẹ̀ wà lórí Windows 7 náà, CD tí wọ́n fi gbé e síbẹ̀ sì ti sọnù. Bí a bá fẹ́ rí ọ̀rọ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, àfi kí ẹ̀rọ náà jí pẹ̀lú dísìkì tirẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó túmọ̀ sí pé àwọn tí ó ṣe ètò kan ti jáwọ́ lára rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Microsoft gbé Windows 7 jáde ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2009. Ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020, wọ́n dáwọ́ dúró láti máa tún un ṣe fún gbogbo ènìyàn. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà kú ní ọjọ́ náà. Ó ń jí, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní ọdẹ aṣọ́lé mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ihò lára ògiri rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò wá dí i. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà sì ti sọ pé bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba irú ihò bẹ́ẹ̀ wọlé. Ó ti fáìlì àwọn ènìyàn pa, ó sì ń béèrè owó kí ó tó ṣí wọn. Ó da iṣẹ́ rú ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Microsoft ti gbé ohun tí a ó fi dí ihò náà jáde láti oṣù kẹta ọdún kan náà. Àwọn tí kò fi í sórí ẹ̀rọ wọn ni ó kó sí wàhálà. Ẹ wá rò ó wò: bí èyí bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí ohun tí a ó fi dí ihò ti wà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò bá dí ihò rẹ̀ mọ́?

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun nítorí pé Windows 10 ni òun ń lò. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn parí lórí Windows 10, àfi fún àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ìtọ́jú. Windows 11 kò sì gba gbogbo ẹ̀rọ. Ó ń béèrè ẹ̀yà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀rọ Intel, ìran kẹjọ sókè ni ó sábà máa ń gbà. Ẹ̀rọ ọwọ́ mi yìí, ìran kejì ni. Mélòó nínú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni ó lè yege nínú ìdánwò bẹ́ẹ̀? Ohun tí mo ń sọ yìí ti dé ẹnu ọ̀nà gbogbo wa.

Kí a tó lè mọ ohun tí a ó ṣe, ó di dandan kí a mọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń jí. Nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnì tí a fi ń tàn án, Windows kò tíì sí níbì kankan. Ètò kékeré kan tí ó ń gbé inú pátákó ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní BIOS, ni ó kọ́kọ́ lajú. Yóò yẹ ara ẹ̀rọ wò, lẹ́yìn náà yóò mú ìwé orúkọ àwọn dísìkì tí a tò fún un, yóò sì máa kàn wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí dísìkì tí wọ́n bá ṣètò ní ìlànà àtijọ́, ìwọ̀n báìtì 512 àkọ́kọ́ ni yóò kà. 446 nínú rẹ̀ jẹ́ ti àṣẹ ìjí; 64 jẹ́ ti àkọsílẹ̀ ìpín mẹ́rin tí a lè pín dísìkì náà sí; 2 tí ó kù jẹ́ àmì tí ó fi hàn pé ibẹ̀ gan-an ni. Àṣẹ ìjí yìí yóò pe ètò mìíràn, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ bootmgr nínú Windows 7, òun ni yóò sì jí Windows gan-an.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú sí ibí yìí dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ètò tí ń jí Windows àti Windows fúnra rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan náà. Ọ̀kan dà bí ilẹ̀kùn, èkejì dà bí yàrá. Wọ́n lè wà lórí dísìkì kan náà, ó sì ṣeé ṣe kí ilẹ̀kùn wà lórí dísìkì kan, kí yàrá wà lórí òmíràn, láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni ẹ̀rọ mọ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ yìí gan-an nìyẹn. Dísìkì àtijọ́ inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́kẹ́kẹ́ bí aago ògiri. Mo mọ̀ pé irú ìró bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìró àlàáfíà. Mo ra dísìkì tuntun, irú èyí tí kò ní ohun tí ń yí nínú, tí wọ́n ń pè ní SSD, mo sì gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ọ̀dọ̀ ẹnìkan tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nínú ìlú. Ó wò ó, ó mi orí. Ó ní, “Àbúrò, ohun tí ó bá ti gbó ti gbó. Jẹ́ kí n pa gbogbo ohun tí ó wà nínú dísìkì yìí rẹ́, kí ọkàn rẹ balẹ̀.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹrù àgbà kan tí ó ti kú ni ó wà nínú rẹ̀. A kò gbọdọ̀ pa á rẹ́.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà láti gbé dísìkì àtijọ́ lọ sí àyè tí CD máa ń wọ̀, kí ó sì fi Windows 7 mìíràn sórí dísìkì tuntun. Iṣẹ́ náà yá. Ẹ̀rọ jí, ó sì yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo yọ dísìkì àtijọ́ kúrò kí n lè fi í pamọ́ síbi tí kò ti ní í gbóná. Nígbà tí mo tan ẹ̀rọ, ó kọ ọ́ sí ojú rẹ̀ pé òun kò rí dísìkì kankan tí òun lè fi jí. Mo padà sí ọ̀dọ̀ atúnṣe. Ó ní dísìkì tuntun ti bàjẹ́, kí n lọ ra òmíràn.

Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi, mo sì lọ sí yàrá ìwé láti wádìí. Ohun tí mo kà níbẹ̀ là mí lójú. Nígbà tí a bá ń gbé Windows sórí dísìkì tuntun, tí dísìkì àtijọ́ sì ṣì wà lára ẹ̀rọ pẹ̀lú ìpín tí wọ́n ti sàmì sí fún ìjí, Windows tuntun kì í sábà ṣe ilẹ̀kùn mìíràn. Ilẹ̀kùn tí ó bá nílẹ̀ ni yóò lò. Yàrá tuntun wà lórí dísìkì tuntun, ṣùgbọ́n inú ilé àtijọ́ ni a ní láti gbà kọjá kí a tó dé ibẹ̀. Mo dá dísìkì àtijọ́ padà sí àyè rẹ̀, mo tan ẹ̀rọ, ó sì jí wẹ́rẹ́. Dísìkì tuntun kò ní àrùn kankan. Àmọ́ ẹ wo ewu tí ó wà nínú rẹ̀: gbogbo iṣẹ́ tuntun mi ti so mọ́ dísìkì tí ń ké ìrora. Bí mo bá sì ti gbà kí atúnṣe pa dísìkì àtijọ́ rẹ́ lẹ́yìn náà, ẹrù bàbá wa àti ilẹ̀kùn tèmi ni ì bá jọ lọ ní ọjọ́ kan náà.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo jókòó, mo to iṣẹ́ náà ní ẹsẹẹsẹ. N óò ka àwọn ẹsẹ̀ náà fún yín, nítorí pé wọn yóò wúlò fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Èkínní, kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí a da gbogbo dísìkì àtijọ́ náà kọ. Kì í ṣe fáìlì nìkan, bí kò ṣe dísìkì látòkè délẹ̀, pẹ̀lú ilẹ̀kùn rẹ̀ àti yàrá rẹ̀. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà fún irú iṣẹ́ yìí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Clonezilla. Orí fláàṣì ni a fi í sí, a ó sì jẹ́ kí ẹ̀rọ jí láti orí fláàṣì náà, kí Windows àtijọ́ máa sùn nígbà tí a bá ń da á kọ. Dísìkì ìta tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi ni mo dà á sí. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Èkejì, nígbà tí a bá ń gbé ètò tuntun sórí dísìkì tuntun, kí a yọ dísìkì àtijọ́ kúrò pátápátá. Èyí ni kókó gbogbo iṣẹ́ náà. Bí kò bá sí ilé mìíràn níbẹ̀, ètò tuntun yóò ṣe ilẹ̀kùn tirẹ̀ sórí ilẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lè jí ẹ̀rọ pẹ̀lú fláàṣì tí wọ́n fi ń gbé Windows sórí ẹ̀rọ, kí ó lo diskpart láti sàmì sí ìpín tí ó yẹ, kí ó sì lo bcdboot láti kọ́ ilẹ̀kùn náà. Ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ Windows 7 méjì. Mo pa ti orí dísìkì tuntun rẹ́, mo sì fi Linux Mint 22 rọ́pò rẹ̀. Ètò ọ̀fẹ́ ni, ó jáde ní ọdún 2024, àwọn tí ó ṣe é sì ti ṣèlérí láti máa tún un ṣe títí di ọdún 2029. Mo jẹ́ kí ó jí ní ìlànà àtijọ́ kan náà tí Windows 7 fi ń jí, kí n má baà máa yí ètò BIOS padà ní gbogbo ìgbà.

Ẹ̀kẹta, kí a wá dá dísìkì àtijọ́ padà, kí a sì sọ fún BIOS èwo ni yóò kọ́kọ́ máa kàn. Lórí ẹ̀rọ Dell, F2 ni a fi ń wọ inú BIOS láti to dísìkì ní ìtẹ̀léra. Mo fi dísìkì tuntun ṣáájú. Bí mo bá fẹ́ wọ ti àtijọ́, mo máa ń tẹ F12 bí mo bá ti tan ẹ̀rọ, yóò sì to àwọn ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí n yan èyí tí ó wù mí fún ìgbà yẹn nìkan. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ HP, F9 ni. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo padà wọ ti àtijọ́, ó ṣì ń fi orúkọ Windows 7 méjì hàn mí, èyí tí ó wà láàyè àti èyí tí mo ti pa rẹ́. Mo yan èyí tí ó wà láàyè, mo ṣí msconfig, mo sì yọ orúkọ òkú kúrò nínú ìwé ìjí.

Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe jẹ́ kí ètò tí kò ní ọdẹ rí ojú íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Nínú Windows 7, mo pa ẹ̀yà tí ń gba Wi-Fi àti èyí tí ń gba wáyà. Ìhà Linux nìkan ni mo ti ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì. A kò sì gbọdọ̀ ki fláàṣì tí ó ti yí gbogbo ilé fọ́tò kiri bọ̀ ọ́. Ohun kan sì dùn mọ́ mi: Linux lè ka dísìkì Windows, ṣùgbọ́n Windows 7 kò lè dá ka dísìkì Linux. Nítorí náà, láti inú ilé tuntun ni mo ti ń ná ọwọ́ sínú ilé àtijọ́ láti mú fáìlì.

Ẹ̀karùn-ún, kí a pa Windows pátápátá kí a tó kọjá sí ìhà kejì. Kí a má ṣe fi í sí oorun tí ó máa ń gba ohun tí a ń ṣe lọ́wọ́ pamọ́. Bí a bá wọ inú dísìkì rẹ̀ lọ yí nǹkan padà nígbà tí ó wà nínú oorun yẹn, nígbà tí ó bá jí, ohun tí ó rántí àti ohun tí ó bá nílẹ̀ kò ní í bá ara wọn mu, fáìlì sì lè bàjẹ́.

Ẹ̀kẹfà, kí a pààrọ̀ bátìrì kékeré inú pátákó ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n ń pè ní CR2032. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Òun ni ó ń bá BIOS rántí aago àti ètò tí a bá ṣe nígbà tí iná kò bá sí. Bí ó bá kú, BIOS lè gbàgbé èwo nínú dísìkì ni a fi ṣáájú, aago yóò sì padà sí ọdún pípẹ́ sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ni wọ́n ti sọ pé ó ti kú, tí ó sì jẹ́ pé bátìrì yìí nìkan ni ó ń béèrè.

Aago tilẹ̀ fún mi ní ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Nígbàkúùgbà tí mo bá ti inú Linux bọ́ sínú Windows, aago máa ń fi wákàtí kan lọ sẹ́yìn. Bátìrì tuntun ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i, nítorí náà mo mọ̀ pé kì í ṣe òun. Àṣé Linux máa ń fi aago àgbáyé sínú ẹ̀rọ, yóò sì fi wákàtí kan kún un fún àwa ará Nàìjíríà nígbà tí ó bá ń fi í hàn wá. Windows ní tirẹ̀ gbà pé aago ìlú ni ó wà nínú ẹ̀rọ. Àṣẹ kan ṣoṣo, timedatectl set-local-rtc 1, ni mo pa fún Linux, àwọn méjèèjì sì fohùn ṣọ̀kan. Ẹ rí i pé àwọn méjì lè gbé ilé kan náà, kí kálukú ní òye tirẹ̀ nípa àkókò, kí wọ́n sì máa bá ara wọn lọ bí ẹnìkan bá lè ṣe ògbufọ̀ láàrin wọn.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí ogún wa. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, n óò tẹ F12, n óò wọ ilé àtijọ́, n óò ṣí fáìlì kan nínú ètò ìtẹ̀wé bàbá wa, n óò sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, n óò wọ ilé tuntun, n óò pààrọ̀ àmì àjèjì kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà Unicode tí ó tọ́, n óò wá fi bébà náà yẹ ọ̀rọ̀ wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó ṣe pàtàkì kí a ní bébà náà lọ́wọ́, nítorí pé ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ọkọ̀, ọkọ́ àti ọkọ. Ẹni tí ó bá fi kánjúkánjú yí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ padà lè sọ akíkanjú di ọkọ́ nínú oríkì. Oríkì agbo ilé wa ti parí. Àlọ́ 131 nínú 214 ni mo ti kó jáde títí di ìgbà tí mo ń kọ àròkọ yìí. Orúkọ ewé ni ó kù lẹ́yìn wọn.

Àwọn kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sọ pé mo ń fi àkókò ṣòfò lórí òkú ẹ̀rọ. Àwọn mìíràn ní ìhà kejì ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tí Windows 7 ti ń jí, kí n kúkú máa lò ó fún gbogbo nǹkan. Mo rò pé ẹgbẹ́ méjèèjì ti ṣi ọ̀rọ̀ náà mú. Àwọn ti àkọ́kọ́ kò mọ̀ pé ẹ̀rọ lè gbó kí ohun inú rẹ̀ má gbó. Àwọn ti ìkejì kò mọ̀ pé ilé tí kò ní ọdẹ kì í ṣe ilé tí a ń ná ọjà sí. Ó tọ́ kí á pa ilé àtijọ́ mọ́ kí á lè kó ẹrù inú rẹ̀ jáde. Kò tọ́ kí á máa gbé inú rẹ̀ títí láé. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ilẹ̀kùn méjì, kí ọ̀kan má ṣe dí èkejì. Àwọn àgbà ní bí iwájú kò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn á ṣeé padà sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti wó ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nígbà tí iwájú kò tíì là, níbo ni yóò dúró sí?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo bẹ̀ yín, mo fi ìbẹ̀rẹ̀ bẹ̀ yín. Kò sí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá tí kò ní irú ẹrù yìí ní ìpamọ́: iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n tẹ̀ ní fọ́ǹtì àtijọ́, ìbéèrè ìdánwò, ẹkún ìyàwó àti ìjálá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ó ti di ará ọ̀run. Bí wọ́n bá fẹ́ ta kọ̀ǹpútà kan ní gbàǹjo, tàbí kí wọ́n kó o dànù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan kọ́kọ́ béèrè dísìkì tí ó fi ń jí àti ohun tí ó wà lórí rẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń mura láti di olùkọ́, ẹ má ṣe fi gbogbo ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún atúnṣe. Ẹni tí kò mọ ohun tí ó wà nínú àpótí ni ó máa ń rọrùn fún láti sọ pé kí a dáná sun àpótí. Àwa ni a mọ iye tí oríkì tó, nítorí náà àwa ni ó yẹ kí a mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Ìyàwó bàbá wa pè mí lórí fóònù láìpẹ́ yìí. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo ní, “Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, Mà.” Mo ka oríkì tí ó wà ní ojú ìwé kìíní fún wọn látòkè délẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ àwọn obìnrin ilé, wọ́n gba á mọ́ mi lẹ́nu, wọ́n sì kì í parí láìwo ìwé. Ìlà mẹ́ta wà nínú ohun tí wọ́n kì tí kò sí nínú fáìlì. Mo ti kọ wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì ti wà lórí dísìkì tuntun.